Ọdún Tí Omi Volta Fà, Tí Iná Kú ní Kútọ̀nù

Ìtàn ni a fẹ́ kà lónìí. Ìtàn náà dá lórí iná: iná tí a fi ń se oúnjẹ, iná tí ń tàn nínú ilé, àti iná tí ń yí ẹ̀rọ. Níbo ni agbára rẹ̀ ti ń wá? Ta ni ó ń san owó rẹ̀? Ǹjẹ́ ó lè máa pọ̀ sí i títí láé, bí àwa náà ti ń pọ̀ sí i?

Gánà ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1915, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe ìjọba níbẹ̀, ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Albert Kitson. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wá ohun tó wà nínú ilẹ̀. Ó rí ibì kan lórí odò Volta tí òkè há odò náà mọ́ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ó ní bí a bá mọ odi síbẹ̀, omi yóò kún lẹ́yìn odi náà, a ó sì lè fi agbára omi náà yí ẹ̀rọ iná. Ibẹ̀ ni a ń pè ní Akosombo lónìí. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó di iṣẹ́. Kwame Nkrumah ni ó mú un ṣe. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1961, wọ́n parí odi náà ní 1965. Ní oṣù kìíní ọdún 1966, Nkrumah ṣí i tayọ̀tayọ̀. Ní oṣù kejì, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Kò jẹ adùn rẹ̀ pẹ́.

Omi tí odi náà sé tẹ́jú lọ bí òkun. Ó gba ilẹ̀ tó tó kílómítà 8,500 ní ìbú àti òró. Bí a bá pín gbogbo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ sí ọ̀nà 14, omi náà ju ọ̀nà kan lọ. Ẹ ro ohun tó wà lórí ilẹ̀ náà kí omi tó bò ó. Oko wà níbẹ̀. Ojúbọ òrìṣà wà níbẹ̀. Ibojì àwọn bàbá wà níbẹ̀. Ènìyàn bí 80,000 ni wọ́n ní kí ó kó kúrò. Ìjọba kọ́ ìlú tuntun 52 fún wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò rí ilẹ̀ oko tó bí èyí tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé iná omi kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ẹ ní kí ó lọ bi àwọn ọmọ àwọn 80,000 yìí.

Ta ni ó wá ń lo iná náà? Kì í ṣe ilé àwọn tí a kó kúrò ni ó kọ́kọ́ dé. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Tema, tí a ń pè ní VALCO. Àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó dá a sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni alumíníọ̀mù, èyí tí a fi ń rọ ìkòkò àti páànù. Alumíníọ̀mù ń jẹ iná mànàmáná bí àgbàlagbà tí ebi ń pa. Owó tí wọ́n ń san lórí iná náà kéré, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn.

Àwa ńkọ́? Ní ọdún 1968, Tógò àti Dàhọ̀mì (bí a ti ń pe Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà) fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò jọ máa wá iná. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí gbogbo yín mọ̀ sí CEB. Ní 1972, wáyà iná láti Akosombo dé Lòmé, ó sì dé Kútọ̀nù. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹ̀rọ tí ń mu gásóyìlì ni ó ń fún àwọn ìlú ńlá wa ní kùráàn. Inú àwọn ènìyàn dùn. Wọ́n rò pé omi kì í tán.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ kí a wo bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Omi tó wà lókè lẹ́yìn odi ń já bọ́ sísàlẹ̀ nínú ihò ńlá. Bó ti ń já bọ́, ó ń yí àgbá irin. Àgbá irin yìí ni ó ń mú kùráàn jáde. Bí omi bá ga, ó ń fi agbára já, àgbá náà yóò yí dáadáa. Bí omi bá lọ sílẹ̀, agbára rẹ̀ a dín. Bó bá wá lọ sílẹ̀ ju ibi tí ihò wà lọ, ẹ̀rọ yóò dúró. Kò sí ẹnikẹ́ni tó lè fi àṣẹ yí i padà.

Òjò ni ó sì ń mú omi ga. Òjò wo? Òjò tó rọ̀ ní ilẹ̀ Burkina Faso ni, àti òjò tó rọ̀ lórí òkè Atakora ní àríwá ilẹ̀ wa níhìn-ín. Odò Pendjari ń ti Atakora ṣàn, ó wọ Tógò, wọ́n ń pè é ní Oti níbẹ̀, ó sì ń lọ bọ́ sínú omi Volta. Ẹ ò rí i pé ohun ìyanu ni? Òjò tó rọ̀ ní Atakora gba Tógò kọjá, ó dé Gánà, ó yí ẹ̀rọ, ó sì padà wá sí Kútọ̀nù nínú wáyà.

Ní ọdún 1982 òjò kò tó. Ní 1983 ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nígbà náà kò lè gbàgbé. Kànga gbẹ, àgbàdo kú lórí ìdúró. Ní Gánà iná ọ̀dàn jó oko kòkó lọ bí i rẹrẹ. Omi Akosombo ń lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n kọ́kọ́ dín iná VALCO kù. Ní 1984 ilé-iṣẹ́ ńlá náà dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Wọ́n sì dín iná tí ń bọ̀ wá sí Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kù. Kútọ̀nù ṣókùnkùn. Lòmé ṣókùnkùn. Àwọn tó ní owó wá ẹ̀rọ gásóyìlì wọn jáde. Àwọn tí kò ní padà sídìí fìtílà.

Ẹlòmíràn nínú yín yóò wí pé: “Kí ló kàn mí? Ní abúlé tèmi, fìtílà ni a ń tàn láti ọjọ́ aláyé ti dáyé.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ ń rà lọ́jà, ẹ̀rọ ni ó ṣe é, ìlú sì ni ó ti wá. Bí ẹ̀rọ bá ń mu gásóyìlì dípò kùráàn, orí ẹni tí ń rà ni owó rẹ̀ ń já sí.

Òjò padà wá, omi kún. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò tán. Ní 1998 omi tún fà, iná tún kú. Ní 2006 sí 2007, bákan náà. Ní àárín, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ti mọ odi tiwọn sórí odò Mónò, ní Nangbéto, kò jìnnà sí Atakpamé. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1987. Agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 65, nígbà tí ti Akosombo ju 900 lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni omi tiwa náà lé kúrò nílé. Òjò kan náà ni ó sì ń bọ́ àwọn méjèèjì. Bí ọ̀dá bá mú Volta, ó ṣòro kí ó fi Mónò sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọdún 1972, ọdún tí wáyà Akosombo dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún yẹn, ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ káàkiri ayé. Àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́rin ni ó kọ ọ́: Donella Meadows, Dennis Meadows ọkọ rẹ̀, Jørgen Randers àti William Behrens. Bí a bá pe àkọlé rẹ̀ ní Yorùbá, a ó ní “Ààlà Ìdàgbàsókè”. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣírò nǹkan márùn-ún pọ̀: iye ènìyàn, oúnjẹ, iṣẹ́ ẹ̀rọ, ohun inú ilẹ̀ tí kì í hù padà bí epo àti irin, àti ìdọ̀tí tí ẹ̀rọ ń tú síta. Wọ́n ní bí gbogbo rẹ̀ bá ń pọ̀ bó ti ń pọ̀ nígbà náà, kò ní ju 100 ọdún lọ kí ayé tó dé ààlà, nítorí ilẹ̀ kì í dàgbà. Wọ́n tún ní a lè fi ọwọ́ ara wa dẹwọ́ kí a tó dé ibẹ̀.

Àwọn kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Títí di òní, àwọn kan ń sọ pé ìwé náà ní epo yóò tán kí ọdún 2000 tó dé, pé kò sì tán. Kì í ṣe ohun tí wọ́n wí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ wọn dá lórí ohun tó ń di ìlọ́po méjì, tó tún ń di ìlọ́po méjì.

Kí ni ìlọ́po méjì? Ẹ jẹ́ kí a fi ara wa ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí ìjọba ka iye ènìyàn ní Bẹ̀nẹ̀ ní 1979, a jẹ́ mílíọ̀nù 3 àti díẹ̀. Ní 2002, a ti di mílíọ̀nù 6 àti àbọ̀ ó lé. Ọdún 23 péré ni, a sì ti di ìlọ́po méjì. Ní 1992 a fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 5. Ní 2013 a di mílíọ̀nù 10. Ọdún 21 nìyẹn. Ọmọ tí a bí nígbà ìkànìyàn kan, kí òun náà tó bí àkọ́bí rẹ̀, ìdáná méjì ti wà níbi tí ọ̀kan ṣoṣo wà. Èyí kì í ṣe èébú. Ọmọ ni ọlá wa. Ṣùgbọ́n ẹ ka igi tó wà lóko yín, kí ẹ wò ó bóyá òun náà ti di ìlọ́po méjì.

Kí a tó dé ọ̀rọ̀ igi, ọ̀rọ̀ epo wà nílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, ogun bẹ́ láàrin Ísírẹ́lì àti àwọn Lárúbáwá. Àwọn Lárúbáwá tó ní epo dín èyí tí wọ́n ń tà kù. Àgbá epo kan tí í jẹ́ nǹkan bí dọ́là 3 tẹ́lẹ̀ ti ju dọ́là 11 lọ nígbà tí ọdún 1974 fi bẹ̀rẹ̀. Èkúté ilé ti yó ní Nàìjíríà, nítorí wọ́n ní epo. Àwọn ará wa lọ síbẹ̀ láti ṣiṣẹ́, àwọn ará Gánà lọ. Nígbà tí owó epo bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà ní kí àlejò tí kò ní ìwé jáde. Wọ́n ju mílíọ̀nù kan lọ. Ọ̀nà wa ni wọ́n gbà. Ibodè Gánà wà ní títì pa, ọ̀pọ̀ wọn há sí Kútọ̀nù fún ọjọ́ mélòó kan, tàwọn ti ẹrù lórí. Ilé tí wọ́n sì ń lọ ni ilé ọ̀dá, níbi tí omi Volta ti ń fà.

Ọdún tó ṣáájú ìyẹn gan-an ni Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fa epo tirẹ̀. Wọ́n ti rí i lábẹ́ òkun níwájú Sẹ̀mẹ̀, kò jìnnà sí Àjàṣẹ́, ní 1968. Ilé-iṣẹ́ kan láti Nọ́wè ni ó bá wa fà á ní 1982. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwa náà ti di Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n epo kì í wà lábẹ́ ilẹ̀ bí omi inú ìkòkò. Inú òkúta ni ó wà, bí omi ti í wà nínú yanrìn tútù. Ìbẹ̀rẹ̀ ni ó máa ń rọrùn. Bó bá yá, omi iyọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jáde, omi náà a sì máa pọ̀ ju epo lọ. Owó tí a fi ń fà á a máa gòkè. Ní 1998 owó epo wálẹ̀ púpọ̀ lọ́jà ayé, fífà á kò lérè mọ́, wọ́n sì dá a dúró.

Gbogbo epo tí a rí fà ní Sẹ̀mẹ̀ fún ọdún 16 jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 22 àgbá. Ó pọ̀ lójú wa. Lọ́dún 1998 yẹn, gbogbo ayé ń lo àgbá tó ju mílíọ̀nù 70 lọ lójúmọ́ kan ṣoṣo. Gbogbo epo Sẹ̀mẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò lè tó ayé lò fún wákàtí 8. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà, yóò tán kí ọjà tó tú.

Ẹsáǹsì tí ọ̀pọ̀ àwọn oní-zẹ́mìjàn wa ń rà nínú ìgò létí ọ̀nà, ti Nàìjíríà ni. Kpáyò ni a ń pè é. Tẹ́lẹ̀, ìjọba Nàìjíríà ni ó ń fi owó tirẹ̀ kún un, ìdí nìyí tó fi rọjú nígbà náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba tuntun wọn ní òun kò fi owó kún un mọ́. Ká tó wí, ká tó fọ̀, owó kpáyò ti gòkè níhìn-ín. Ẹnikẹ́ni kò bi àwa léèrè. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ibi tí wọ́n ń kó kpáyò sí gbiná ní Sẹ̀mẹ̀, iná náà pa ènìyàn tó ju 30 lọ. Èmi kò lè bá ẹni tí ń tà á jà, nítorí àìrí iṣẹ́ mìíràn ṣe ni. Síbẹ̀ ohun tó gbé ọrọ̀ wa lé orí ìgò ẹlẹ́sáǹsì kò dúró lórí ilẹ̀ líle.

Ó wá ku igi. Igi ni ìtàn tó kàn yín jù lọ, ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ.

Ẹ̀yin náà ń rí àpò èédú tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà títì. Kámíyọ̀ ń kó o lọ sí Kútọ̀nù àti Àjàṣẹ́. Ará ìlú fẹ́ràn èédú nítorí kò ní èéfín púpọ̀, kò sì wúwo. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìṣirò rẹ̀. Bí a bá fi erùpẹ̀ bo igi, tí a jó o bí a ti ń ṣe é lóko, kílò igi 5, nígbà mìíràn 8, ni yóò di kílò èédú kan. Èyí tó kù bá èéfín lọ. Nítorí náà nígbà tí ìyàwó ilé kan ní ìlú bá fi igi sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo èédú, igi tí a ó gé ní Kétu nítorí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ kò dín kù. Ó pọ̀ sí i ni.

Igi tí èédú rẹ̀ dára jù ni igi líle, bí àyìn. Àyìn kì í yára dàgbà. A ti wí pé ọdún 21 ni iye ìdáná fi di ìlọ́po méjì. Àyìn tí a bá gé lónìí, tí a kò bá jẹ́ kí iná ọ̀dàn jó èéhù rẹ̀, kò ní tíì nípọn bí èyí tí bàbá yín bá lóko. Nígbà tí àyìn bá tán, wọn a kọjú sí apá. Nígbà tí apá bá tán, wọn a gé èmi, igi tí àwọn ìyá wa fi èso rẹ̀ ṣe òrí. Ẹni tó gé èmi ta èédú gba owó lẹ́ẹ̀kan. Ìyá tó ń ṣa èso rẹ̀ ń gba owó lọ́dọọdún.

Wọ́n ní kí a máa lo ààrò amọ̀ tí kì í jẹ igi púpọ̀. Ó dára, ẹ mọ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ William Stanley Jevons kọ ní ọdún 1865. Èédú inú ilẹ̀ ni wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ ní ìlú wọn nígbà náà. Àwọn ènìyàn rò pé bí ẹ̀rọ bá dára sí i, tí kò jẹ èédú púpọ̀, èédú tí à ń wà yóò dín kù. Jevons ní rárá: nítorí ẹ̀rọ náà kò náni lówó mọ́, gbogbo ènìyàn yóò rà á, èédú tí a ó jó yóò sì pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ìyá alákàrà tí ààrò tuntun bá dá èédú rẹ̀ sí lè fi èyí tó ṣẹ́kù dín àkàrà sí i. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Oúnjẹ ọmọ ni ó ń wá. Ààrò nìkan kọ́ ni yóò dá igbó sí. Ó yẹ kí ẹnì kan tún máa gbin igi.

Nísinsìnyí, oòrùn ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Ní Tógò, wọ́n ṣí ibi ńlá kan ní Blitta ní 2021, agbára rẹ̀ nígbà náà jẹ́ mẹ́gáwáàtì 50. Ní ilẹ̀ wa, wọ́n ṣí ti Pobẹ ní 2022, mẹ́gáwáàtì 25. Ẹni bá gba ibẹ̀ kọjá yóò rí àwọn pátákó dúdú tí wọ́n tò bí ebè. Kò mu epo, kò dúró de òjò Atakora. Inú mi dùn sí i, pàápàá fún abúlé tí wáyà kò ní dé láìpẹ́. Ẹni tí kò tíì ní gílóòbù kan nínú ilé kì í ṣe òun ni ó ń jẹ ayé tán. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ààlà, ó tọ́ kí a ti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lò jù bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí oníṣòwò tàn yín. Oòrùn kò ní owó, pátákó rẹ̀ ní. Ilẹ̀ Ṣáínà ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá, èédú inú ilẹ̀ ni wọ́n sì ń jó jù láti fi ní kùráàn níbẹ̀. Oòrùn ń wọ̀ ní alẹ́, ìgbà náà gan-an ni a sì nílò iná, nítorí náà a ní láti ra bátìrì. Pátákó tó dára lè lo ọdún 20 sí 25. Bátìrì olójé tí a ń rà lọ́jà, bó bá pẹ́ títí, ọdún 3 sí 5 ni. Òjé inú rẹ̀ jẹ́ májèlé, pàápàá fún ọmọdé. Bí bátìrì bá kú, tí ẹnì kan sì fọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, gbogbo ilé ni yóò mu ún.

Bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ ra iná oòrùn fún ilé ìwòsàn tàbí fún ilé ìkàwé ní alẹ́, ẹ bi ẹni tó ń tà á ní ìbéèrè wọ̀nyí kí ẹ tó kówó jáde, kí akọ̀wé sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún mélòó ni bátìrì yìí yóò lò? Èló ni òmíràn? Lóṣooṣù, èló ni kí ilé kọ̀ọ̀kan máa dá kí owó náà tó pé nígbà tó bá kú? Ta ni yóò kọ́ ọmọ abúlé wa kan láti tún un ṣe? Èyí tó bá sì kú, ǹjẹ́ ìwọ yóò wá kó o padà?